Araba Otuwa àti Àwọn Bàbá Etí Pápá

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí òkun gbé bàtà mi lọ, kó sì jẹ́ ẹsẹ̀ kan péré ni yóò gbé, kí n máa rìn bí pẹ́pẹ́yẹ títí ọjọ́ alẹ́ mi. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wọkọ̀ lọ sí Egyaakrom létíkun àwọn Fàńtì, kó béèrè Araba Otuwa aránṣọ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé. Bí onítọ̀hún bá rẹ́rìn-ín, ìyá ọmọ ni. Bó bá tutọ́ sílẹ̀, bàbá ọmọ ni.

Araba kò ga. Bó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ẹ ó rò pé ó ṣì jókòó. Orúnkún rẹ̀ òsì kì í ká dáadáa, kì í sì í fi ìtàn rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, àárín àwọn ọkùnrin ló ti máa ń gbá bọ́ọ̀lù létí òkun, bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé àjẹ̀ ọkọ̀, ó fi lé e kúrò lórí pápá. Araba sáré, ó fẹsẹ̀ kọ okùn ọkọ̀, ó fi orúnkún sọlẹ̀ lórí ìdákọ̀ró. Nígbà tí egbò jinná, ó padà sórí pápá. Bàbá tún gbé àjẹ̀. Ó tún padà. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí àjẹ̀ fi dá sí méjì, bàbá wò ó títí, ó ní òun kò ní torí ọmọbìnrin kan ra àjẹ̀ mìíràn. Báyìí ni Araba ṣe borí nínú ìdíje àkọ́kọ́ tó dojú kọ láyé rẹ̀.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ó kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ, àwọn tí irùngbọ̀n kò tíì rò láti hù sí lágbọ̀n, ó sọ ẹgbẹ́ wọn ní Ọmọ Òkun. Àjákù aṣọ tó ṣẹ́kù sábẹ́ maṣíìnì ló fi rán jẹ́sì fún wọn. Ìdí nìyẹn tí apá kan jẹ́sì gólì wọn fi jẹ́ òdòdó pupa, tí àyà rẹ̀ sì ní àwòrán bàbá àgbà kan tó ti dolóògbé, nítorí aṣọ ìsìnkú ni wọ́n ti gé e. Wọ́n ní ojú bàbá yẹn le débi pé àwọn ọmọ tó bá fẹ́ gbá góòlù sí i a kọ́kọ́ kí i.

Pápá wọn wà láàrin ibi tí ọkọ̀ ń sùn àti ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja. Láàrin ọ̀sẹ̀, bí ilé ìwé bá ti jáde, ibẹ̀ ni wọ́n wà títí oòrùn á fi wọ̀. Èéfín ẹja á bò wọ́n, wọ́n á húkọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀lù á wọnú agbada ẹnìkan, onítọ̀hún á ṣépè, Araba á bẹ̀ ẹ́. Ayé dára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ayé kì í dára. Ní etíkun àwọn Fàńtì, òkun ń sinmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Apẹja kankan kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n. Nítorí náà ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìlú ráyè, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì ń fi ìdíje àwọn ọmọdé sí. Kò sì sí bàbá tí kò sí nílẹ̀. Wọ́n á ti jẹ kẹ́ńkè àárọ̀ yó, wọ́n á ti tún àwọ̀n ṣe tán, ọwọ́ wọn á dilẹ̀, ẹnu wọn kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi. Wọ́n á tò sí etí pápá. Ọ̀kan á ní gbá a. Èkejì á ní mú un dání. Ẹ̀kẹta, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé, á máa bú rẹfirí nítorí kí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà já sásán. Bàbá kan ń bá ọmọ rẹ̀ sáré létí pápá, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó wọ àárín eré, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó sì na ọwọ́ sókè pé góòlù ni. Lọ́jọ́ kan wọ́n tilẹ̀ gbé àsíá asafo, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun ìlú wọn, wá, èyí tí àwọn baba ńlá wọn fi ń jagun, wọ́n ń fì í lójú àwọn ọmọ Òkè Ìlú, ẹgbẹ́ tó ń bá tiwọn díje, tí eyín iwájú wọn kò tíì hù tán.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn, ọmọ ìkókó ni wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ebo Arkorful.

Ebo ni bọ́sùn, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí ọkọ̀ ńlá kan lójú omi. Ohùn rẹ̀, bó bá ké lápá ìhín, àgbọn á já lápá ọ̀hún. Wọ́n ní ìgbà kan tí ó sín, ọkọ̀ méjì tó ń padà bọ̀ yí orí sí ọ̀nà mìíràn, wọ́n rò pé òjò ń bọ̀. Ó ní ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fiifi. Ẹ̀yin èèyàn mi, Fiifi mọ bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ yòókù, bó bá gba bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀, ẹ ó rò pé ó fi okùn so ó mọ́ àtàǹpàkò ni. Yóò gba ẹ̀gbẹ́ ẹni mẹ́ta kọjá, yóò dúró dè wọ́n kí wọ́n lé e bá, yóò tún gba ẹ̀gbẹ́ wọn padà, nítorí pé eré ti dùn jù láti parí. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja a máa jẹ́ kí ẹja jóná.

Bó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Fiifi á di ẹlòmíràn. Bọ́ọ̀lù á dé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní gbá a. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí etí pápá, síbi tí bàbá rẹ̀ wà. Kó tó wo ìyẹn tán, wọ́n á ti gba bọ́ọ̀lù lọ. Ebo á wá ké pé kí ló dé, ṣé o sùn ni, wo bí ọmọ ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é, ojú rẹ dà, ọ̀tún, mo ní ọ̀tún. Lẹ́yìn ìyẹn ni Fiifi bẹ̀rẹ̀ sí í di àkísà mọ́ orúnkún ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Araba ń wò ó. Lọ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Lọ́sẹ̀ kejì, ìrora ti ṣí lọ sí ẹsẹ̀ òsì.

Ó pè é sí ìdí maṣíìnì, ó fún un ní òwú kó bá òun fi bọ abẹ́rẹ́, kí ojú rẹ̀ lè ní ibi tó máa wò. Ó bi í pé èwo nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dùn ún gan-an. Ọmọ náà fi òwú bọ abẹ́rẹ́ tì, ó tì.

“Kóòṣì,” ló wí níkẹyìn, “bí mo bá gbá a, wọ́n á ní kí ló dé tí mi ò mú un dání. Bí mo bá mú un dání, wọ́n á ní kí ló dé tí mi ò gbá a. Mo fẹ́ bi yín bóyá bọ́ọ̀lù kan wà tí èèyàn kì í ṣe nǹkan kan sí.”

Araba ní kò sí. Fiifi ní bí kò bá sí, òun á gbá ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, òun kò ní gbá mọ́ láyé òun. Ó sọ ọ́ láìsí omijé kankan, bí àgbàlagbà tó ń sọ pé òun kò jẹ iyọ̀ mọ́. Ohun tó dun Araba jù nìyẹn. Ó ti rí ọmọ tí wọ́n fi àjẹ̀ lé kúrò lórí pápá tó sì padà. Kò tíì rí èyí tí wọ́n fi ẹnu lé tó padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, ó lọ sábẹ́ àtíbàbà níbi tí àwọn bàbá ti ń tún àwọ̀n ṣe. Ó kí wọn, wọ́n dá a lóhùn, wọ́n ní kí kóòṣì jókòó. Ó ní òun kò jókòó, orúnkún òun kò gbà. Ó wá sọ fún wọn pé láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn lọ, bàbá tó bá pariwo lé ọmọ lórí láti etí pápá, òun á ní kí gbogbo Ọmọ Òkun jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá wà, wọn kò sì ní dìde títí ẹnu á fi pa dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wọn fi gún ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ebo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Araba, èmi ò pariwo lé ọmọ mi lórí. Mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Àbí ta ló bí i, èmi ni àbí ìwọ?”

“Ẹ̀yin lẹ bí i, Bọ́sùn. Ẹbí ìyá rẹ̀ ló sì ni ín, gbogbo Fàńtì mọ ìyẹn. Èmi ò bá yín du ọmọ. Bọ́ọ̀lù nìkan ni tèmi, lórí bọ́ọ̀lù ni mo sì ti ń sọ̀rọ̀.”

Ó kúrò níbẹ̀, ó ń tiro lọ. Wọ́n ń fi títiro rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Lọ́sàn-án, wọ́n bá àwọn ọmọ Òkè Ìlú pàdé. Eré kò tíì gbóná tí bọ́ọ̀lù fi dé ẹsẹ̀ Fiifi. Ó wo etí pápá. Ebo ní, “Gbá a, ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń wò!” Araba na ọwọ́ sókè. Gbogbo Ọmọ Òkun jókòó sínú yanrìn bí ìgbà tí wọ́n gé okùn wọn. Gólì tó wọ àwòrán òkú jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò.

Àwọn ọmọ Òkè Ìlú dúró, wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹ̀sọ̀ gba bọ́ọ̀lù kọjá láàrin àwọn tó jókòó, ó ń tọrọ àforíjì bó ṣe ń lọ, ó tì í wọlé. Rẹfirí, Tíṣà Amissah, tó ń kọ́ni ní ìṣirò nílé ìwé, wo ìwé òfin tó wà nínú orí rẹ̀, kò rí ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹni tó jókòó kò sí nínú eré. Ó fọn fèrè, ó ní góòlù ni. Àwọn bàbá wá tú ẹnu sílẹ̀. Dìde, wọ́n ń wí, dìde. Bí ariwo ṣe ń pọ̀ ni àwọn ọmọ ń fìdí múlẹ̀ sí i. Góòlù kejì wọlé. Ẹ̀kẹta wọlé. Ìkẹrin, ọmọ tó gbá a wọlé ní ó ti sú òun, òun náà jókòó.

Ebo rìn wọ àárín pápá, ó dúró lé Araba lórí bí òpó ọkọ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ sí i tí mi ò ní kọ síbí nítorí àwọn ọmọ tó ń ka ìwé. Araba gbọ́ ọ títí dé òpin.

“Ẹ bú mi dáadáa, Bọ́sùn,” ló wí. “Ẹ má ṣẹ́ ẹ kù. Èmi ti dàgbà, mo lè gbé e. Òun ni kò tíì dàgbà.”

Eré tú ká. Àwọn bàbá kó ẹjọ́ lọ bá Nana Tawia, olórí apẹja, arúgbó tó ti pẹja títí òkun fi mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní orí ilẹ̀ ọkọ̀ ni pápá wà, kó gbà á lọ́wọ́ aránṣọ, kó fi ọkùnrin ṣe kóòṣì. Àwọn bàbá Òkè Ìlú náà wá, inú tiwọn gan-an kò dùn; wọ́n ní ta ni àwọn fẹ́ fọ́nnu fún pé àwọn na àwọn tó jókòó. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n tún eré gbá.

Nana Tawia pe Araba. Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n á tún un gbá, òun fúnra òun yóò sì gbé àpótí wá. Bí àwọn ọmọ bá tún jókòó, pápá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó bi í bóyá ó gbọ́. Araba ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun kò gbà. Bí wọ́n bá pariwo, wọn yóò jókòó. Arúgbó náà ní òun mọ bàbá rẹ̀, àjẹ̀ tó dá yẹn tilẹ̀ jẹ́ ti òun.

Ebo ní tirẹ̀ sọ pé Fiifi ti fọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú, jíjókòó tó jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó ní bọ́ọ̀lù ló bà á jẹ́, òkun ni yóò tún un ṣe. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé e sínú ọkọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú omi, Jojo Bentsil tó ń darí ẹ́ńjìnnì ló sọ ọ́ fún àwọn obìnrin níbi ìyanja. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó fi ń jókòó sílẹ̀, tó ń di ikùn mú. Araba wà níbẹ̀, ó gbé ẹja dání, ó gbàgbé láti gbé e sílẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn bọ́sùn àtijọ́ kì í fi ojú wá ẹja. Etí ni. Wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, bọ́sùn á ri àjẹ̀ sínú omi, á fi etí lé ìdí rẹ̀, á sì máa gbọ́ ohun tí ń lọ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́ á sọ irú ẹja tó jẹ́ àti ibi tó kọrí sí. Kò sí etí tó dà bíi ti Ebo láti ibẹ̀ dé Sekondi. Ìyẹn ni pé ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ ń já àgbọn yìí, bó bá dójú omi, òun ló dákẹ́ jù. Bó bá ti fi etí lé àjẹ̀, gbogbo ọkọ̀ á dákẹ́. Ẹni tí ikọ́ ń gbé á fi aṣọ dí ẹnu.

Ebo ri àjẹ̀ bọ omi. Ó dijú. Gbogbo ènìyàn mí sínú. Ìgbà náà ni Fiifi dìde níwájú ọkọ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un ké:

“Bọ́sùn! Ọ̀tún, mo ní ọ̀tún! Ṣé o sùn ni? Gbọ́ ọ kíákíá, kí lò ń dúró dè? Wo bọ́sùn ẹlòmíràn bó ṣe ń gbọ́ tiẹ̀!”

Jojo ní gbogbo ẹja tó wà lábẹ́ wọn kó ẹrù wọn lọ sí Abidjan. Ẹni tó ń fi aṣọ dí ẹnu gbé aṣọ náà mì díẹ̀. Ebo yọ etí lórí àjẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn sì ti ń wo ibi tí omi jìn dé, kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa bẹ́ wọlé gbé e.

“Kí lò ń ṣe?”

Orúnkún ọmọ náà ń lu ara wọn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kò jókòó.

“Mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni, Bàbá.”

Jojo ní àwọn retí ìgbájú, àwọn kò rí i. Ebo kàn ń wo ọmọ náà, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀ bíi ti ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dénú ọkọ̀. Ẹnìkan nídìí ọkọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ṣe ikọ́. Èkejì gbà á. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ń mì. Ebo ní kí wọ́n ta ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yí orí padà sílé.

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n gbàgbé iná. Araba kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹja sílẹ̀, ó bi Jojo pé kí ni Fiifi ṣe nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. Jojo ní ó bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì ń gbá ìkarawun kan lọ lórí yanrìn títí dé ilé. Araba ní ó dáa. Ó ní bó bá ti lè sọ ìyẹn lójú bàbá rẹ̀, eré ọjọ́ Ìṣẹ́gun kù sọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Nana Tawia jókòó lórí àpótí lábẹ́ agbòòrùn. Gbogbo ìlú jáde, àfi ẹni tó ń rọbí. Ebo wá, ṣùgbọ́n kò dúró síbi tó máa ń dúró sí. Ó fara ti ọkọ̀ kan lọ́nà jíjìn, ó ká ọwọ́ sí àyà, ó di ẹnu pọ̀ débi pé irùngbọ̀n rẹ̀ ń yí padà. Àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé, “Bọ́sùn, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ o.”

Eré bẹ̀rẹ̀. Òkè Ìlú kọ́kọ́ jẹ góòlù kan, wọ́n tún jẹ èkejì. Ọmọ Òkun dá ọ̀kan padà. Àwọn bàbá ń kùn bí oyin. Ọ̀kan ń jẹ èékánná, èkejì ti bu aṣọ ara rẹ̀ jẹ. Nígbà tí Fiifi gba bọ́ọ̀lù, kíkùn náà ga sókè, ó ń di ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ariwo. Ara Ebo kò gbà á mọ́.

“Ẹ dákẹ́ ẹnu yín, gbogbo yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀!”

Àgbọn kò já lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n agbòòrùn Nana Tawia yí padà. Gbogbo Ọmọ Òkun jókòó.

Ìlú dákẹ́ lóòótọ́ wàyí. Ebo fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ti pẹ́. Ó wá síwájú, ó ní òun kọ́ ló fẹ́ dá eré dúró, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn èwe gbá bọ́ọ̀lù ni òun ń wí, àwọn bàbá ẹgbẹ́ òun ni òun ń bá wí, kì í ṣe ọmọ. Tíṣà Amissah wo Araba. Nana Tawia wo Araba. Ó rọrùn fún un láti sọ pé irú ariwo yìí kò sí lára ariwo, pé kí wọ́n dìde. Pápá wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ ń wò ó láti inú yanrìn, Fiifi fi bọ́ọ̀lù sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì.

“Ariwo ni,” ni Araba wí. “Wọ́n sì ti jókòó. Nana, pápá yín nìyí.”

Ó tiro dé àárín, ó gbé bọ́ọ̀lù kúrò níwájú Fiifi, ó fi há abíyá. Ó ní kí àwọn ọmọ tu òpó ọparun góòlù méjèèjì, nítorí òun ló gé wọn, kì í ṣe ọkọ̀. Wọ́n tu ú. Ó kọjú sí òkun, ó ń lọ. Omi ti fà sẹ́yìn ní ọ̀sán yẹn, ó fi yanrìn tútù gbọọrọ kan sílẹ̀, tó tẹ́jú bí ẹní. Ibẹ̀ ló ní kí wọ́n ri òpó mọ́. Ìgbì ń wá, ó ń fọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ṣeré.

Ìgbà yẹn ni àwọn bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ṣe. Ní Egyaakrom, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, apẹja kì í fi ẹsẹ̀ kan omi. Ti òkun ni gbogbo ibi tó bá tutù lọ́jọ́ náà. Àwọn baba wọn kò dán an wò, àwọn náà kò jẹ́ dán an wò. Ṣùgbọ́n àṣà náà kò de aránṣọ, kò de tíṣà, kò sì de ọmọdé. Tíṣà Amissah bọ́ bàtà, ó fi okùn rẹ̀ so ó kọ́ ọrùn, ó fọn fèrè tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọmọ Òkè Ìlú wo àwọn bàbá wọn, wọ́n wo omi, wọ́n sáré.

Bàbá kan pariwo láti orí ilẹ̀ gbígbẹ pé Fiifi kò gbọdọ̀ lọ, ó ti di apẹja láti ọjọ́ Sátidé.

“Apẹja wo?” ni Araba dáhùn láìyíjú padà. “Èyí tó lé ẹja lọ sí Abidjan?”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Eré bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn bàbá tò sí ìlà ibi tí yanrìn ti ń tutù, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn kò jẹ́ kọjá á. Wọ́n pariwo, kí ni mo ń sọ, wọ́n ké tí iṣan ọrùn yọ. Ìgbì òkun ń gba ariwo náà lẹ́nu wọn, ó ń fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé, kò sí ohun kan tó dé etí ọmọ. Araba gan-an kò gbọ́. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó fi í sínú àpò, ó ń wo eré.

Fiifi gba bọ́ọ̀lù. Bí ó ti mọ́ ọn lára, ojú rẹ̀ lọ sí etí pápá. Ebo wà níbẹ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó dákẹ́ bí ẹni pé àjẹ̀ wà lábẹ́ etí rẹ̀. Ọmọ náà dúró díẹ̀, ó dúró de ọ̀rọ̀ tí kò wá. Lẹ́yìn náà ló lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹni kìíní, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹni kejì, omi ń ta sókè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni kẹta, ó dúró dè é kó lé e bá. Inú àwọn ọmọ Òkè Ìlú gan-an dùn sí i. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù lu òpó ọparun, ó yí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń ronú, ó wọlé. Eré di ọ̀mì.

Lọ́jọ́ kejì, Nana Tawia ránṣẹ́ sí Araba pé kó máa bọ̀ wá gba pápá rẹ̀ padà, inú òun ti rọ̀. Araba ní kí wọ́n kí Nana dáadáa, kí wọ́n sọ pé òun dúpẹ́, kí wọ́n fi pápá gbé ọkọ̀. Títí di òní olónìí, ẹnu omi ni Ọmọ Òkun ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí omi bá kún, wọ́n á jókòó dè é. Àwọn bàbá kan ti kọ́ láti dákẹ́. Àwọn kan kò kọ́ nǹkan kan, wọ́n ṣì ń ké, wọ́n sì ń bú Araba bó bá ń kọjá níwájú àtíbàbà. Araba a máa bi wọ́n bóyá èébú ṣì kù. Fiifi kò di olókìkí. Ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, ó ti ní ọmọ tirẹ̀, ikùn rẹ̀ ti yọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá rí bọ́ọ̀lù níbikíbi, ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún òróró kò ní dá a dúró.

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, bó ṣe rí gan-an ni mo ṣe sọ ọ́. Nítorí bàtà mi nìkan ni mo ṣe ní kí n fi èyí kún un: bọ́ọ̀lù Fiifi lu ọparun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọlé. Òkun ló gbé e lọ.